Ọyẹ́, Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Ọdún Kérésì: Bí Ìdílé Ṣe Lè Ṣètò Ìparí Ọdún ní Àbújá

Láti nǹkan bí àárín oṣù Kọkànlá ni ohun mẹ́rin máa ń dé bá ìdílé tó ń gbé Àbújá lẹ́ẹ̀kan náà: ọyẹ́ tó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ìdánwò ìparí sáà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, ìpalẹ̀mọ́ ọdún Kérésì, àti ìrìn-àjò lọ sílé. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń fi ọgbọ́n ṣètò mẹ́ta ìkẹyìn, ṣùgbọ́n wọn kì í ka ọyẹ́ sí nǹkan kan tó yẹ kí a ṣètò fún. Ní èrò tèmi, ọyẹ́ ló yẹ kó ṣáájú, kí gbogbo ètò yòókù sì máa tẹ̀lé e, nítorí òun ló ń pinnu ìgbà tí ọmọ lè wẹ̀, ìgbà tí ó lè ṣeré níta, bí ìyẹ̀fun yóò ṣe rí lórí tábìlì, àti ìgbà tí ó yẹ kí mọ́tò gbéra. Ẹni tó ń gbé Kubwa, Lugbe, Nyanya tàbí Gwarinpa ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ará Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì náà lè lò ó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù Jọ́ọ̀sì, tó wà lórí ilẹ̀ òkè, le ju tiwa lọ.

Ọjọ́ ọyẹ́ kì í rí bákan náà láti àárọ̀ di alẹ́. Ní ìdájí, ojú ọjọ́ ní Àbújá lè tutù dé ìwọ̀n 15 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì tàbí kí ó sún mọ́ ọn. Nígbà tí yóò bá fi di aago méjì ọ̀sán, oòrùn á ti gbé e kọjá 30, ọmọ tí a wọ ẹ̀wù òtútù fún láàárọ̀ á sì ti máa làágùn nínú rẹ̀. Kùrukùru eruku sábà máa ń nípọn jù láàárọ̀. Nítorí náà, àkókò tó dára jù fún eré ìta, ìfọṣọ àti ìrìn kúkúrú ni láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí àwọn ọmọ sì wà lábẹ́ ibòji nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí. Àárọ̀ kùtù àti alẹ́ jẹ́ ti inú ilé. Ẹ kọ ìlànà yìí sórí ògiri kí ẹ tó kọ ọjọ́ àríyá kankan síbẹ̀.

Kí oṣù Kejìlá tó dé

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá, ẹ pe àwọn ọmọ jókòó, kí ẹ mú bébà kan tó fẹ̀, kí ẹ sì pín in sí ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ títí dé ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò tún wọlé ní oṣù Kìíní. Ohun tí kò ṣeé yí ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ: ọjọ́ ìdánwò, ọjọ́ tí sáà yóò parí, 25 àti 26 oṣù Kejìlá, àti 1 oṣù Kìíní, tí ìjọba fi ṣe ìsinmi. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ àwọn ohun tí àwọn èèyàn pè yín sí. Àwa Yorùbá ti sọ oṣù Kejìlá di oṣù ìgbéyàwó, aṣọ ẹbí á sì máa wọlé láti Ìbàdàn, láti Ìlọrin, láti Karu lọ́hùn-ún, bí ẹni pé owó oṣù méjì la ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ìdílé tó ní ọmọ kékeré kò lè lọ sí gbogbo rẹ̀. Ẹ yan èyí tó jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ yín gan-an, kí ẹ fi owó ìkíni ránṣẹ́ sí àwọn yòókù ní kùtùkùtù pẹ̀lú ìpè lórí fóònù, kí ó tó di pé wọ́n ń retí yín. Ẹni tó bá tètè sọ pé òun kò ní lè wá kì í sábà ní ìjà; ẹni tó dákẹ́ títí ọjọ́ fi pé ni wọ́n máa ń bínú sí.

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan náà yan ohun kan ṣoṣo tí kò fẹ́ pàdánù. Ọ̀kan lè yan eré Kérésì ní ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì lè yan ìdíje bọ́ọ̀lù, kí èyí tó kéré jù sì sọ pé Bàbá Kérésì ni òun fẹ́ rí. Nígbà tí a bá ti kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, ó rọrùn fún òbí láti kọ ohun mìíràn láìsí ẹkún. Ẹ yọ Sátidé kan sọ́tọ̀ nínú oṣù náà tí ẹnikẹ́ni kò ní jáde nílé. Ọjọ́ yẹn ni a óò fi dín ṣinṣín, èyí tí mo máa padà sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọ̀rọ̀ aṣọ kò gba ìjáfara. Kí ankara àwọn ọmọ ti wà lọ́wọ́ télọ̀ kí oṣù Kẹwàá tó parí, nítorí télọ̀ Àbújá tó bá gba aṣọ ní oṣù Kejìlá, ìlérí ló gbà, kì í ṣe iṣẹ́. Ẹ ní kí ó ká ìṣẹ́tí aṣọ sínú dáadáa, kí a lè tú u nígbà tí ọmọ bá ga sí i. Ní ti ẹ̀wù òtútù, òkìrìkà ni mo fara mọ́ jù fún ọmọ tó ń dàgbà. Ẹ rà á kí ọyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí owó rẹ̀ máa ń gòkè ní òwúrọ̀ tí òtútù àkọ́kọ́ bá mú, kí ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sínú oòrùn, kí ẹ sì lọ ọ́ kí ó tó kan ara ọmọ.

Ara ọmọ nínú ọyẹ́

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ gan-an. Ní apá Àríwá, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lè já sísàlẹ̀ 20 nínú 100, awọ ara àti imú ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ gbé ìwẹ̀ ńlá kúrò ní òwúrọ̀, kí ẹ fi í sí nǹkan bí aago mẹ́rin tàbí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ògiri ilé ìwẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Láàárọ̀, kí ọmọ fọ ojú, abíyá, ìdí àti ẹsẹ̀, ó tó. Àwọn ìyá àgbà lè má gbà pé ọmọ tí kò wẹ̀ láàárọ̀ mọ́ tónítóní, ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn. Kí omi ìwẹ̀ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, kí ó má gbóná, nítorí omi gbígbóná àti ọṣẹ líle máa ń fọ epo ara dànù. Bí ọmọ bá ti jáde nínú omi, kí a fi aṣọ ìnura gba omi ara rẹ̀ díẹ̀, kí a má nù ún gbẹ, kí a sì fi òrí pa á lára kíákíá nígbà tí awọ ṣì ní ọ̀rinrin.

Òrí gidi kò ṣòro láti rí ní àdúgbò wa, nítorí ìpínlẹ̀ Niger tó bá Àbújá pààlà wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe é jù. Àwọn ìyá Hausa tó ń tà á lọ́jà ń pè é ní man kaɗanya. Ẹ fi ìka mú díẹ̀, kí ẹ fi ra àtẹ́lẹwọ́: òrí tó dára máa ń yọ́ nítorí ooru ara nìkan, kì í ní iyanrìn, òórùn rẹ̀ kì í sì í kan. Ó máa ń le bí òkúta nígbà ọyẹ́, nítorí náà ẹ po ó mọ́ àdín àgbọn díẹ̀, kí ẹ sì gbé e sínú ike kékeré tí ọmọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ti lè fi òrí pa ètè, ìgúnpá àti orúnkún ara rẹ̀ lójoojúmọ́, kí òbí kàn máa yẹ̀ ẹ́ wò. Fún gìgísẹ̀ tó ń la, kí a fi òrí pa á nípọn lálẹ́, kí a sì wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e lórí. Róòbù àti àwọn ìpara tó ń ta ni lára kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, a kì í sì í fi wọ́n sínú imú ẹnikẹ́ni.

Bí imú ọmọ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má ṣe gbé orí rẹ̀ sẹ́yìn. Kí ó jókòó, kí ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí a fún ibi rírọ̀ imú rẹ̀ pọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìtú u sílẹ̀, kí ó máa fi ẹnu mí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò dá. Bí kò bá dá lẹ́yìn tí a ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ilé ìwòsàn ló kù. Omi mímu náà ṣe pàtàkì, nítorí òùngbẹ kì í gbẹ ọmọ púpọ̀ nínú òtútù, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ ń pàdánù omi. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárọ̀, kúnnú tàbí ògì gbígbóná, ọsàn Benue tó kún ọjà ní àsìkò yìí, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣèrànwọ́.

Àwọn ọmọ kan wà tí ọyẹ́ lè dá dúbúlẹ̀. Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọ́dọ̀ fara gbá òtútù rárá: kí aṣọ rẹ̀ fi ìpele kan ju ti àwọn yòókù lọ, kí ó máa mu omi léraléra, kí ó má fi oògùn ojoojúmọ́ rẹ̀ jẹ, kí a má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì í sínú omi ìlúwẹ̀ nítorí àríyá. Ẹni tó ní ikọ́ fée, kí ẹ̀rọ tó ń fà símú wà nínú báàgì rẹ̀, kí olùkọ́ rẹ̀ sì mọ bí a ṣe ń lò ó. Bákan náà ni kí ẹ ṣọ́ra fún àrùn yírùnyírùn (meningitis), tó máa ń jà ní apá Àríwá láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ títí òjò yóò fi dé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun, Men5CV, tó ń dènà oríṣi kòkòrò yírùnyírùn márùn-ún. Ẹ béèrè nípa rẹ̀ ní ilé ìlera tó sún mọ́ yín kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀. Ibà líle, orí fífọ́, ọrùn tó gan, èébì, àti ojú tí kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì bí ẹ bá rí wọn.

Nítorí yírùnyírùn yìí kan náà ni kò fi dára kí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó wá lo ìsinmi sùn pọ̀ jọ nínú yàrá kan tí a ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa. Ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi mí ni bí a ṣe lè ṣí fèrèsé láìjẹ́ kí eruku gba ilé. Àkókò tí mo sọ lókè náà ni ìdáhùn: ẹ ṣí wọn láti aago mẹ́wàá títí di mẹ́rin, kí ẹ fi aṣọ bo ibùsùn ní gbogbo àkókò náà, kí ẹ sì fi àkísà tútù nu ilẹ̀ àti tábìlì lẹ́yìn tí ẹ bá tì wọ́n. Ọwọ̀ gbígbẹ kàn ń gbé eruku láti ilẹ̀ lọ sí imú ni. Lálẹ́, kí ẹ ṣí fèrèsé kan sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn àwọ̀n ẹ̀fọn.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé ìkòkò èédú tó ń jó wọ yàrá tí èèyàn ń sùn sí, kí ó ní òun ń yá iná. Èéfín tó ń pa èèyàn nínú èédú kò ní òórùn, kò sì ṣeé fojú rí. Ó lè gbẹ̀mí odindi ìdílé lójú oorun. Kí jẹnẹrétọ̀ náà jìnnà sí fèrèsé. Bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì, ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà sàn ju gbogbo iná inú ilé lọ.

Ọ̀sẹ̀ ìdánwò àti orin Kérésì

Apá yìí kò pọ̀. Kí a gbé aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀wù òtútù àti ike omi kalẹ̀ láti alẹ́, nítorí kò sí ọmọ tó máa ń yára nínú òtútù aago márùn-ún ààbọ̀. Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́ méjì tàbí mẹ́ta fún ọmọ dípò ẹyọ kan tó nípọn, kí ó lè máa bọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí oòrùn ṣe ń gòkè. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń fi ìdánrawò orin Kérésì sí ọ̀sẹ̀ ìdánwò gan-an, èyí tí mi ò fara mọ́. Bí ọmọ yín bá wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹ bá olùkọ́ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí ìdánrawò má kọjá aago mẹ́rin, kí ohùn ọmọ má bàa há nínú eruku ìrọ̀lẹ́. Aṣọ eré ìbí Jésù kò nílò owó: ìró ìyá tó aṣọ Màríà, agbádá kékeré pẹ̀lú fìlà tó fún amòye láti ìlà-oòrùn, ọ̀pá àti aṣọ ìnura sì ti sọ ọmọ di olùṣọ́-àgùntàn.

Iṣẹ́ ilé ìdáná tí ọmọ lè ṣe

Ṣinṣín ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ jù fún Sátidé inú ilé, nítorí ọmọ ọdún mẹ́rin àti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ní ohun tí wọ́n lè ṣe níbẹ̀. Fún kìlógíráàmù ìyẹ̀fun kan, ẹ wá bọ́tà gíráàmù 250, ṣúgà gíráàmù 250, ẹyin mẹ́ta, iyọ̀ àbọ̀ ṣíbí kékeré, nọ́tímẹ́ẹ̀gì rírìn ṣíbí kékeré kan, àti mílíìkì olómi bíi mílílítà 200. Ọmọ tó kéré jù ni kí ó fi ìka fọ́ bọ́tà sínú ìyẹ̀fun títí yóò fi dà bí gààrí. Ẹ po ṣúgà, iyọ̀ àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì mọ́ ọn, kí ẹ lu ẹyin pọ̀ mọ́ mílíìkì, kí ẹ máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dúró nígbà tí ó bá ti mú ara pọ̀ tí kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Ó ṣeé ṣe kí mílíìkì kù.

Níbí ni ọyẹ́ ti máa ń fi ara hàn. Ìyẹ̀fun pípò máa ń gbẹ lójú kíákíá, á sì máa la bí a ṣe ń yí i, nítorí náà ẹ fi aṣọ tútù tí a fún bo èyí tí a kò tíì gé, kí ẹ máa bu ú ní ìwọ̀nba. Àwọn tó dàgbà ló ń yí i pẹrẹsẹ tí wọ́n sì ń gé e, àwọn kékeré á máa já a lọ́kọ̀ọ̀kan sórí tírè. Bí ó ṣe máa ń rí wọ́gọwọ̀gọ kò ṣe nǹkan kan. Àgbàlagbà nìkan ni kó dúró ti òróró gbígbóná: kí ó din ín díẹ̀díẹ̀, kí ó máa rò ó, kí ó kó o nígbà tí ó bá pọ́n fẹ́rẹ́fẹ́, torí yóò ṣì pọ́n sí i lẹ́yìn tí ó bá jáde. Kí ó tutù pátápátá kí a tó dé e mọ́nú ike. Ọyẹ́ máa ń ṣe wá lóore níbẹ̀, torí afẹ́fẹ́ gbígbẹ kì í jẹ́ kí ṣinṣín rọ̀. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta lójú ẹsẹ̀, ti ilé, ti àwọn aládùúgbò, àti ti ojú ọ̀nà. Kí ẹ fi ti ojú ọ̀nà pamọ́ sí ibi tí àwọn ọmọ kò mọ̀.

Zóbò rọrùn ju ìyẹn lọ. Àsìkò yìí ni ìṣápá pupa tuntun ń dé láti oko, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì dára. Ẹ fi omi tútù ṣan díẹ̀ nínú rẹ̀ kíákíá kí iyanrìn lọ, kí ẹ sè é pẹ̀lú ata ilẹ̀ tí a gún, kànáfùrù díẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ òyìnbó tí a ti fọ̀ dáadáa fún bí ìdajì wákàtí, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Kàdúná gúúsù, ní àyíká Kachia àti Kafanchan, ni ata ilẹ̀ tó ta lẹ́nu jù ti ń wá, ẹ má fi púpọ̀ sí ti àwọn ọmọ. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ nínú fíríìjì.

Ẹni tó bá ń ronú láti sin adìyẹ ọdún rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó mọ̀ pé adìyẹ àgírìkì tí a ń sìn fún ẹran máa ń gbó láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ìyẹn ni pé òròmọdìyẹ gbọ́dọ̀ ti wọlé ní ìparí oṣù Kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá. Ṣùgbọ́n òtútù òru ọyẹ́ máa ń pa òròmọdìyẹ tí kò rí ooru. Bí kò bá sí iná tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ ra adìyẹ tó ti gbó. Bí ẹgbẹ́ àdúgbò tàbí ti ọjà bá ń dá àjọ ọdún láti pín màlúù àti ìrẹsì, àjọ yẹn sàn ju ìnáwó ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn lọ.

Ìsinmi, nígbà tí wọ́n bá ti kó ìwé wálé

Alẹ́ ọyẹ́ gùn, òtútù rẹ̀ sì ń lé gbogbo ilé wọlé. Kò sí àkókò tó dára jù ú lọ fún àlọ́. Ẹ pa tẹlifísàn fún wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ẹ fi àlọ́ àpamọ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ tí Yorùbá rẹ̀ kò tíì já gaara lè kópa nínú rẹ̀: "Gbogbo ilé sùn, Káńbó kò sùn," imú ni, "Òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́," ọmọrogùn ni. Nígbà tí ara wọn bá ti yá ni kí a wá pa àlọ́ ìjàpá tó ní orin, kí wọ́n máa gbè é. Ọpọ́n ayò náà dára: ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ọmọ tó ń ta ayò ń ṣe ìṣirò láìmọ̀. Bí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà bá wà nílé, kí àwọn ọmọ bi wọ́n léèrè bí ìdílé yín ṣe dé Àbújá, nítorí ní 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó láti Èkó wá síbí, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ Yorùbá ló sì bá wọn kó. Kí ọmọ tó lè kọ̀wé kọ ìdáhùn náà sílẹ̀.

Fún ọ̀sán, ẹ yan ibi tí ó ní igi. Ọgbà Millennium Park ní Maitama, tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, gbòòrò, ó sì ní koríko àti ibòji. Ọgbà àwọn ọmọdé àti ẹranko tó wà ní Asokoro náà dára fún àwọn kékeré. Ẹ dé ibẹ̀ ní aago mẹ́wàá, kí èrò tó dé, kí ẹ sì kúrò ṣáájú aago mẹ́rin. Jabi Lake máa ń tutù nírọ̀lẹ́ ju bí àwọn òbí ṣe rò lọ. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Kàdúná kọjá lẹ́bàá Madalla, ẹ fún ọmọ ní owó bébà 100 náírà irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ná ní 1999, kí ó wo Awólọ́wọ̀ níwájú rẹ̀, kí ó yí i padà, kí ó sì wá àpáta Zuma náà lójú fèrèsé. Ní ti bángà, mi ò rí ìdí kankan tí ọmọ fi nílò rẹ̀ nínú àsìkò tí koríko gbígbẹ ń dúró de iná. Ẹ fún wọn ní ìlù.

Ọjọ́ ọdún àti àwọn aládùúgbò

Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ló ní Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí nínú, àwọn aládùúgbò wa ní Àbújá náà kì í ṣe ẹ̀sìn kan ṣoṣo. Nítorí náà, kí abọ́ oúnjẹ jáde kí àwọn ará ilé tó jókòó jẹun. Ẹ rán àwọn ọmọ méjì-méjì, kí èyí tó dàgbà gbé abọ́, kí èyí tó kéré kí wọn. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mẹ́gàdì, ẹni tó ti fara da òtútù òru, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn onílé ńlá. Bí ìyá Hausa bá kí wọn pé "Barka da Kirsimeti," kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n dáhùn pé "Mun gode." Bí ẹran kan tàbí ohun mímu kan bá wà lórí tábìlì yín tí Mùsùlùmí kì í jẹ tàbí mu, ẹ dáná ti àwọn aládùúgbò nínú ìkòkò tirẹ̀. Bí Àlájà tó jẹ́ ìyá ọkọ bá wá lo ọdún pẹ̀lú yín, kí ọmọ kan mọ̀ pé iṣẹ́ tòun ni láti tẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀ kí ó sì gbé omi àlùwàlá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wá, kí a má sì fi ariwo orin bá àkókò náà.

Ọ̀nà ilé

Àwọn tó ń lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn máa ń gba Gwagwalada, Abaji àti Kotonkarfe dé Lọ́kọ́jà, tó sún mọ́ kìlómítà 200 láti Àbújá. Níbẹ̀ ni àwọn ará Èkìtì, Àkúrẹ́ àti Kàbbà ti máa ń ya ọ̀nà wọn. Ẹ má ṣe gbéra lóru. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́, kí ẹ wo ojú ọ̀nà. Bí kùrukùru bá ṣì bo iwájú, ẹ dúró, torí awakọ̀ tí kò rí kìlómítà kan níwájú kò ní ìdí láti yára. Àjọ NiMet, tó ń ṣàkíyèsí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, máa ń kéde ọjọ́ tí eruku yóò nípọn, ìkéde yẹn sì kan ẹni tó fẹ́ wọ bàálù náà, torí eruku máa ń dá bàálù dúró. Kí nọ́ńbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, 122, wà lórí fóònù àgbà méjì nínú ọkọ̀. Oúnjẹ ojú ọ̀nà: ẹ̀pà, ṣinṣín tí ẹ fi pamọ́, ẹyin sísè, ọsàn, omi púpọ̀. Ní Lọ́kọ́jà, ẹ fi ibi tí Odò Ọya àti Odò Benue ti pàdé han àwọn ọmọ, kí ẹ sì sọ fún wọn pé láti ìhín lọ sí Kàbbà, Yorùbá ni àwọn èèyàn ń sọ ní oríṣi tiwọn.

Fi ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú kọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan ní oríkì ara rẹ̀, Àjàní tàbí Àṣàkẹ́, àti ìlà díẹ̀ nínú oríkì orílẹ̀, kí ìyá àgbà má bàa pe ọmọ ní orúkọ tí kò mọ̀ pé òun ń jẹ́. Kí wọ́n mọ "Ẹ kú ọyẹ́, mà" àti "Ẹ kú ọdún, sà, ẹ kú ìyèdún" láìwo ẹnu ìyá wọn, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀, kí wọ́n má sì fi fóònù sọ́wọ́ nígbà náà.

Kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn Àbújá, ẹ yí gáàsì pa láti orí sílíńdà, ẹ yọ gbogbo wáyà lára ògiri, ẹ fi aṣọ bo ibùsùn àti àga, ẹ dé gààrí àti ìrẹsì mọ́nú ike tí eku kò lè jẹ, nítorí ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni ibà Lassa, tí eku máa ń kó ran èèyàn, máa ń pọ̀ sí i. Ẹ fún mẹ́gàdì ní nọ́ńbà yín àti owó ọdún rẹ̀. Ẹ ṣètò láti padà dé, ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́ta kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé: ọ̀kan fún fífi àkísà tútù nu eruku tó ti wọlé lẹ́yìn yín, ọ̀kan fún aṣọ fífọ̀, ìkẹta kí àwọn ọmọ lè sùn.